Òdòdó Tí Kò Sí Nínú Ife

Eyín ló mú èmi àti Yìnyín pàdé. Ẹlòmíràn á ní òun rí olólùfẹ́ òun lọ́ọ̀ọ́kán, ọkàn òun sì lọ. Ní tèmi, ẹnu rẹ̀ ni mo kọ́kọ́ rí, tó là gbàgà lórí àga ilé ìtọ́jú eyín, tí ìdajì eyín iwájú kan sì ti kán dànù. Nọ́ọ̀sì ni mí níbẹ̀. Èmi ni mò ń di iná mú, tí mò ń fa itọ́ kúrò lẹ́nu àwọn èèyàn, tí mo sì máa ń bá wọn wí nígbà tí dókítà bá ń rọra bá wọn sọ̀rọ̀.

"Kí lẹ fi eyín yìí ṣe?" ni mo bi í.

"Yìnyín ni."

"Yìnyín já bọ́ lù yín lẹ́nu?"

"Rárá o. Mò ń rún un ni. Yìnyín ló pọ̀ jù níbi iṣẹ́ wa, ó ti mọ́ mi lára."

Ibi iṣẹ́ rẹ̀ ni ilé ọtí kan nísàlẹ̀ òtẹ́ẹ̀lì. Apo-ọtí ni: ẹni tó máa ń da ọtí àti omi èso pọ̀ sínú agolo irin, tí á mì ín jìgìjìgì, tí á wá dà á sínú ife fún ẹni tó bá béèrè. Ọjọ́ yẹn ni mo sọ ọ́ ní Yìnyín, orúkọ náà kò sì kúrò lára rẹ̀ mọ́. Ó padà wá kí wọ́n fi eyín tuntun bò ó. Ó tún padà wá nígbà tí eyín kankan kò ṣe é. Dókítà yẹ ẹnu rẹ̀ wò lápá ọ̀tún, ó yẹ̀ ẹ́ wò lápá òsì, ó wá yíjú sí mi.

"Nọ́ọ̀sì, ìwọ ni aláìsàn yìí wá rí," ló wí. "Èmi ń lọ jẹun."

Bí a ṣe bẹ̀rẹ̀ nìyẹn. Yìnyín á dúró dè mí lẹ́nu géètì bí mo bá ṣíwọ́, a ó rìn dé ibi tí mo ti ń wọ ọkọ̀, nígbà míì a ó sì rìn kọjá ibẹ̀ bí ẹni tí kò mọ ọ̀nà. Ẹni tó bá rò pé gbogbo apo-ọtí ni ọ̀mùtí, kó wá wo tèmi. Ṣe ni á kán ohun tó pò sẹ́yìn ọwọ́, á fi ahọ́n kàn án, ó tán. Ọjọ́ tó sọ fún mi pé òun fẹ́ fẹ́ mi, lórí àtẹ̀gùn ilé ìtọ́jú eyín ni, mo ti dá a lóhùn kó tó sọ̀rọ̀ náà tán. Ta ni mo fẹ́ máa díbọ́n fún?

Màmá mi nìkan ló kù tí kò tíì gbà. Bàbá mi ti kú tipẹ́, èmi nìkan lọmọ, inú ilé kan náà la sì ń gbé. Ilé iṣẹ́ ọṣẹ ni màmá mi ti ń ṣiṣẹ́ láti ìgbà tí mo ti gbọ́njú. Kì í ṣe pé wọ́n ń ro ọṣẹ o, imú ni wọ́n fi ń ṣiṣẹ́. Kí wọ́n tó gé ọṣẹ kankan, màmá mi gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ gbóòórùn rẹ̀. Bí wọ́n bá ní kò dára, kò dára náà nìyẹn, ọ̀gá pátápátá kò lè yí i padà. Màmá Imú làwọn òṣìṣẹ́ ibẹ̀ ń pè wọ́n, inú wọn sì máa ń dùn sí i. Nígbà tí mo wà níléèwé, bí mo bá dé, wọ́n á fa ọrùn aṣọ mi mọ́ra, wọ́n á gbóòórùn rẹ̀, wọ́n á sì sọ ilé ọ̀rẹ́ tí mo yà sí fún mi. Èèyàn wo ló máa purọ́ fún irú imú bẹ́ẹ̀?

Nítorí náà, nígbà tí mo fẹ́ mú Yìnyín wálé, a múra. Ó ti wà ní ìsinmi láti ọjọ́ mélòó kan, kò dé ìtòsí ìgò ọtí. Ó wẹ̀, ó tún wẹ̀. Ó ra ṣẹ́ẹ̀tì tuntun. Màmá mi ṣílẹ̀kùn, wọ́n wò ó látòkè délẹ̀, wọ́n sì fa imú sókè.

"Ẹ kú ìrọ̀lẹ́, Mà," ni Yìnyín wí, ó tẹrí ba.

"Ọtí ń rùn lára rẹ," ni màmá mi fi dá a lóhùn.

"Màmi!"

"Ṣé irọ́ ni mo pa? Ó ń rùn kọjá ibi tí mo dúró sí. Ọ̀gbẹ́ni, mi ò ní ìjà pẹ̀lú rẹ o. Ṣùgbọ́n mi ò lè fi ọmọ mi fún ẹni tí ọtí ti wọ inú ara rẹ̀. Ẹ kú ìrọ̀lẹ́."

Wọ́n ti ilẹ̀kùn. Èmi wà nínú ilé, ó wà níta.

Mo jà, mo sunkún, mi ò jẹun alẹ́. Ṣùgbọ́n ohun tó wá ń jẹ mí lọ́kàn jù ni pé èmi kò gbóòórùn ọtí kankan lára rẹ̀. Aṣọ tuntun àti ọṣẹ ni mo gbọ́. Ta ni èmi wá ni tí màá bá Màmá Imú jiyàn? Mo bẹ̀rẹ̀ sí í rò pé ìfẹ́ ti di mí nímú. Bí a bá ti pàdé lẹ́nu géètì, màá sún mọ́ ọn, màá gbóòórùn kọ́là rẹ̀, apá rẹ̀, irun orí rẹ̀.

"O tún ti ń fimú fínlẹ̀," ni Yìnyín á wí, á sì na ọrùn sílẹ̀ kó lè rọ̀ mí lọ́rùn.

Àǹtí Kékeré ló gba ọ̀rọ̀ náà kanrí. Àbúrò màmá mi ni wọ́n, wọ́n ń rán kọ́tìnì. Kékeré tó wà lára orúkọ wọn, ọjọ́ orí ni wọ́n fi sọ ọ́, kì í ṣe ara. Wọ́n wá sílé wa, wọ́n jókòó kún àga, wọ́n sì sọ ojú abẹ níkòó.

"Ẹ̀gbọ́n mi, ọmọ yìí ò kéré mọ́. Ọkùnrin náà ní iṣẹ́, ó ní ìwà, ó sì ní ojú tó ṣeé wò. Kí lẹ tún ń wá?"

"Ọtí ló ń tà."

"Ẹ̀yin ń ṣe ọṣẹ, ṣé wọ́n ní ẹ máa ń hó ni? Ẹ jẹ́ kó wá po ohun tó ń pò síwájú wa, ká rí irú èèyàn tó jẹ́. Ọjọ́ Àìkú ni ọjọ́ ìbí mi. Níbí la ó ti ṣe é."

Màmá mi gbà, torí wọn kì í lè kọ̀ fún Àǹtí Kékeré. Ṣùgbọ́n wọ́n wojú mi, wọ́n ní, "Ẹ̀ẹ̀kan péré. Bí mi ò bá tún gbà lẹ́yìn èyí, kí ẹnikẹ́ni má dárúkọ ẹ̀ nílé yìí mọ́."

Yìnyín yan ohun tó máa pò. Igi ọsàn kan wà lẹ́yìn fèrèsé yàrá rẹ̀, ó ti yọ òdòdó funfun, ó sì ń ta sánsán wọlé láràárọ̀. Mo wà níbẹ̀ nígbà tó ń ṣe é. Ó já òdòdó náà kí oòrùn tó mú wọn, ó gbọn kòkòrò kúrò, ó sì yọ ìdí wọn. Ó yọ́ ṣúgà sínú omi gbígbóná, ó wá dúró dìgbà tí ìka rẹ̀ lè gbé inú omi náà.

"Kí ló dé tí o ò dà á sí i báyìí?" ni mo bi í.

"Bó bá gbóná jù, òdòdó á korò. Ṣé o rí i, wọn ò fẹ́ wàhálà. Èèyàn kàn máa fi wọ́n sínú omi tó lọ́ wọ́ọ́rọ́, á dé e, á sì lọ sùn."

Lọ́jọ́ kejì, ó sẹ́ ẹ, ó rọ ọ́ sínú ìgò kékeré, ó sì fi ọ̀rá wé ẹnu ìgò náà kí òórùn rẹ̀ má bàa fò lọ. Omi náà mọ́ gaara. Ẹni tó bá fi ojú lásán wò ó á pè é ní omi ṣúgà.

Lọ́jọ́ Àìkú, ó tò gbogbo ẹrù rẹ̀ sórí tábìlì ilé ìdáná wa: ìgò rọ́ọ̀mù, ìyẹn ọtí tí wọ́n fi ìrèké ṣe, ọsàn, ọsàn wẹ́wẹ́, yìnyín nínú fúlásìkì, agolo irin rẹ̀, àti ìgò kékeré méjì. Òdòdó wà nínú ọ̀kan, bó sì ṣe ń gbé e kalẹ̀ ló sọ ọ́ fún màmá mi. Omi ṣúgà lásán ló wà nínú èkejì, bóyá ẹnì kan á fẹ́ kí tirẹ̀ dùn jù bẹ́ẹ̀ lọ. Màmá mi dúró sọ́nà ilé ìdáná, wọ́n ká ọwọ́ mọ́ àyà, ojú wọn ò sì kúrò lójú rẹ̀. Èmi ń fọ ife. Àǹtí Kékeré ń sọ ìtàn oníbàárà kan tó gbé kọ́tìnì lọ tó ní fèrèsé ilé òun ló kúrú.

Yìnyín fún ọsàn wẹ́wẹ́, ó fún ọsàn, ó wọn rọ́ọ̀mù, ó wọn omi dídùn sí i, ó kó yìnyín lé e, ó sì mì ín títí agolo náà fi làágùn. Ó dà á sínú ife mẹ́ta. Ó fi ọwọ́ méjèèjì gbé ti màmá mi fún wọn.

Màmá mi gbé ife náà sábẹ́ imú, wọ́n dijú. Wọ́n mu díẹ̀.

"Òdòdó yìí ti pọ̀ jù," ni wọ́n wí. "Ó dà bí ìgbà tí mò ń mu lọ́fíńdà."

"Òdòdó wo?" ni Àǹtí Kékeré bi wọ́n. "Èmi ò gbọ́ òdòdó kankan o. Ọsàn àti ọtí ni tèmi."

Èmi náà mu tèmi. Ó dùn, ó kan, ó gbóná lọ́fun, kò sì sí òdòdó níbẹ̀ rárá. Mo wo tábìlì. Ìgò tí wọ́n fi ọ̀rá wé lẹ́nu jókòó síbẹ̀ bí wọ́n ṣe gbé e wá, ọ̀rá náà kò tú. Ojú màmá mi tó ń lé Yìnyín kiri ló jẹ́ kó mú omi ṣúgà lásán láìmọ̀. Yìnyín náà wo ìgò náà. Ọwọ́ rẹ̀ dúró gbagidi lórí agolo.

Mo la ẹnu. Yìnyín tẹ̀ mí lẹ́sẹ̀ mọ́lẹ̀.

"Òótọ́ ni Màmá sọ," ló wí. "Ó pọ̀ jù. Ọwọ́ mi ló wúwo. Ẹ má bínú, Mà."

"Ṣé èmi ni mi ò wá ní imú?" ni Àǹtí Kékeré wí, inú bí wọn.

"Ẹ ní in, Àǹtí. Ó lè jẹ́ pé ti Màmá ló gba èyí tó pọ̀ jù nínú rẹ̀."

Màmá mi gbé ife náà kalẹ̀. Wọn ò wojú rẹ̀. "Ọtí lásán, o ò lè pò ó kó gún," ni wọ́n wí. "Ọmọ mi lo wá fẹ́ gbà?"

A jáde síta. A ò tíì dé ìkóríta tí mo fi bẹ̀rẹ̀.

"Imú wọn ti kú! Wọn ò gbóòórùn nǹkan kan! Ọjọ́ tí wọ́n ní ọtí ń rùn lára rẹ, irọ́ gbuu ni. Mò ń padà lọ báyìí, màá sọ ọ́ sójú wọn."

"O ò ní sọ ọ́."

"Ta ló sọ bẹ́ẹ̀?"

"Èmi ni." Kò gbé ohùn sókè. "Imú yẹn ni iṣẹ́ wọn, òun náà ni orúkọ wọn. Bí a bá fi dẹ́rù bà wọ́n, wọ́n á yọ̀ǹda rẹ fún mi. Wọn ò sì ní lè wojú mi mọ́ láéláé. Mi ò fẹ́ ọ bẹ́ẹ̀."

"Báwo lo ṣe wá fẹ́ mi?"

"Mo fẹ́ ọ tìyátìyá. Mo fẹ́ kí wọ́n máa wá sílé wa, kí wọ́n jókòó, kí wọ́n máa bú mi."

"Bí wọn ò bá gbà ńkọ́?"

"Wọ́n á gbà."

Ó sọ ọ́ bí ẹni tó ní ọkọ̀ ń bọ̀. Ṣùgbọ́n nígbà tí mo di ọwọ́ rẹ̀ mú, ó tutù nini. Mo bínú sí i títí mo fi délé, mo sì tún fẹ́ràn rẹ̀ sí i, èyí tó tún dá kún ìbínú mi.

Láti ọjọ́ yẹn ni mo ti ń ṣọ́ màmá mi. Ìpẹ́ bọ́ kúrò lójú mi, mo wá rí ohun tó ti wà níwájú mi tipẹ́. Láti ìgbà ọ̀fìnkìn ńlá tó dá wọn dùbúlẹ̀ lọ́dún tó kọjá ni wọ́n ti máa ń ní, "Bá mi wo ẹran yìí, ojú ń dùn mí." "Bá mi tọ́ mílíìkì yìí wò, mi ò fẹ́ nǹkan dídùn." Mo sì rò pé ọjọ́ orí ni. Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, mo ti ẹ̀yìnkùlé wọlé, ìrẹsì ti jóná dé ìdí ìkòkò, wọ́n sì jókòó sí pálọ̀, wọ́n ń ka ìwé ìròyìn wọn lọ. Mo pa iná. Mo ṣí fèrèsé. Mo ní èmi ni mo gbàgbé rẹ̀.

Mi ò ní sọ pé kò wù mí láti sọ ọ́. Bí a bá ti ń jà lórí Yìnyín, ọ̀rọ̀ náà á wá dúró sórí ètè mi. Ní ìrọ̀lẹ́ kan ó ti fẹ́ẹ̀ bọ́. Mo wọ yàrá lọ bá wọn kí n lè sọ ọ́ tán pátápátá, mo sì bá wọn níbi tí wọ́n ti gbé aṣọ iṣẹ́ mi dání, wọ́n fi ọrùn rẹ̀ bo imú. Wọ́n dì í síbẹ̀ pẹ́. Wọ́n fà á, wọ́n tún fà á. Lẹ́yìn náà wọ́n ká a, wọ́n sì gbé e sórí ibùsùn mi wẹ́rẹ́. Mo fẹ̀yìn rìn jáde. Ìjà náà kúrò lọ́kàn mi.

Oṣù méjì kọjá. Yìnyín kò dé ilé wa, ṣùgbọ́n kò fi ẹnu géètì ilé iṣẹ́ mi sílẹ̀. Àǹtí Kékeré ní àwọn ò ní dá sí ọ̀rọ̀ ẹni tó bá ń gbè sẹ́yìn ọ̀tá rẹ̀, bí Yìnyín ṣe gbè sẹ́yìn màmá mi lọ́jọ́ náà.

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ Àbámẹ́ta kan, màmá mi gbé ife tíì wọn kalẹ̀.

"Pe ọ̀gbẹ́ni yẹn," ni wọ́n wí. "Kó kó àwọn ìgò ẹ̀ wá. Má pe àǹtí rẹ."

Mo pè é. Yìnyín dé pẹ̀lú báàgì rẹ̀, ó kí wọn, ó sì dúró. Màmá mi fi ẹsẹ̀ ti àga sí i.

"Jókòó. Lọ́jọ́ náà lọ́hùn-ún, ìgò tó ní òdòdó, o ò ṣí i. Àbí mo purọ́?"

Yìnyín tẹjú mọ́ báàgì rẹ̀.

"Mò ń bá ọ sọ̀rọ̀. Imú mi ló kú, ojú mi ò kú. Bí mo ṣe sọ̀rọ̀ tán ni mo rí ibi tí ojú rẹ lọ. Ọ̀rá ṣì wà lẹ́nu ẹ̀. Mo ní, ó parí, á tú mi fó báyìí níwájú àbúrò mi. O ní ọwọ́ rẹ ló wúwo. Mo ní, bó bá délé, á sọ fún ọmọ mi, ọmọ mi á wá fi bú mi. Ojoojúmọ́ ni mò ń retí ẹ̀. Ẹ ò sọ ọ́. Ẹ̀yin méjèèjì! Kí ló dé?"

"Tiyín ni, Mà," ni Yìnyín wí. "Kì í ṣe tèmi láti sọ."

Màmá mi ti ife tíì wọn sẹ́gbẹ̀ẹ́. "Mo ti sọ fún ọ̀gá wa lánàá. Gbogbo ọṣẹ tí mo ti fọwọ́ sí láti ọdún tó kọjá, ojú àwọn ọmọ iṣẹ́ ni mo ń wò. Ẹni tó bá ti rẹ́rìn-ín, mo mọ̀ pé ó dára. Kò tíì fún mi lésì. Ohun tó bá wù ú ni kó ṣe."

"Màmi," ni mo wí, omi ti kún ojú mi.

"Má sunkún sí mi lórí, mi ò tíì kú." Wọ́n tún kọjú sí Yìnyín. "Ọtí ò rùn lára rẹ. Bó bá sì ń rùn, mi ò lè mọ̀. Ẹ̀rù ló bà mí. Ọmọ yìí ló ń bá mi mọ oúnjẹ tó ti kan, òun ló ń mọ̀ bí gáàsì bá ń jò. Ó ń ṣe é láìmọ̀ pé òun ń ṣe é. Mo rò ó pé, bó bá bá ọ lọ, èmi nìkan ni yóò kù nínú ilé tí mi ò lè gbóòórùn ẹ̀."

Mo ti gbọ́ oríṣiríṣi ìdí tí àwọn òbí fi ń kọ ọkùnrin. Mi ò gbọ́ irú èyí rí. Mo jókòó tì wọ́n, mo sì gbé orí lé èjìká wọn, wọn ò sì tì mí kúrò.

"Ṣí èyí tó ní òdòdó lọ́tẹ̀ yìí," ni wọ́n wí.

Yìnyín tú ọ̀rá náà. Kó tiẹ̀ tó tú u tán ni òórùn náà ti gba ilé ìdáná kan. Ó fún ọsàn, ó wọn rọ́ọ̀mù, ó mì ín. Màmá mi mu ún, wọ́n tún mu ún.

"Ó dùn," ni wọ́n wí. "Ó kan. Ó ń ta mí lọ́fun. Kò sí nǹkan míì." Wọ́n di ife náà mú síbẹ̀. "Sọ òórùn ẹ̀ fún mi."

Yìnyín wò mí. Mo mi orí sí i pé kó máa sọ ọ́.

"Ó kọ́kọ́ dà bí aṣọ funfun tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ ká kúrò lóòrùn, Mà," ló wí. "Ó mọ́, ó gbẹ. Lẹ́yìn ìyẹn ni oyin dé, ṣùgbọ́n kò pọ̀, bí ìgbà tí èèyàn ṣí ìdérí ìgò oyin nínú yàrá kejì. Ọsàn wà nísàlẹ̀ rẹ̀, èèpo ọsàn tútù, èyí tí èèyàn ṣẹ̀ṣẹ̀ fi èékánná ha. Ọtí ló kẹ́yìn. Òun ń rùn bí ṣúgà tí iná ti fẹ́ẹ́ mú, tí ẹnì kan sì tètè gbé kúrò lórí ààrò."

"Má yára," ni màmá mi wí. Wọ́n ti dijú. "Ilé tí ẹ bá máa gbà, kó má jìnnà sí tèmi o. Mi ò fẹ́ ibi tí màá ti wọ ọkọ̀ méjì."

"Kò ní jìnnà, Mà."

"Ó dáa." Wọ́n gbé ife náà padà sábẹ́ imú wọn. "Tún un sọ látìbẹ̀rẹ̀, ọmọ mi."

Mo ti la ẹnu láti dáhùn kí n tó rí i pé èmi kọ́ ni wọ́n ń pè.